Ta Ni Yóò Ra Ẹ̀fọ́ Náà? Àgbéyẹ̀wò Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Àgbẹ̀ láti Dagenham dé Àjàṣẹ́

Ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń kọ́ àgbẹ̀ Yorùbá ní iṣẹ́ àgbẹ̀. Ìjọba òyìnbó kọ́ ọ, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ayé Awólọ́wọ̀ kọ́ ọ, Báńkì Àgbáyé kọ́ ọ, àwọn tó ń ra kòkó kọ́ ọ, àwọn àlùfáà náà kọ́ ọ. Ní báyìí, ó ti kan àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó ń pàdé ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ní Barking àti Dagenham, ní ìlà-oòrùn London. Àwọn náà ń dá owó jọ láti fi ránṣẹ́ sílé, kí wọ́n fi dá àwọn ọ̀dọ́ lẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí kì í sọ ilẹ̀ di ṣíṣá. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n kí owó tó kúrò nílẹ̀, ó yẹ ká béèrè: nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti kọ́ àgbẹ̀ yìí, èwo ló fìdí múlẹ̀, èwo ló fò lọ, kí ló sì fà á?

N kò ní fi èrò tèmi pamọ́ dé ìsàlẹ̀ ìwé. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ ló wọ́n àgbẹ̀ jù. Ilẹ̀ tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé wọn ò ní gbà lọ́wọ́ òun, àti ẹni tí yóò ra irè oko rẹ̀ ní iye tó mú èrè wá, àwọn méjèèjì yìí ló ń pinnu bóyá ẹ̀kọ́ á dé oko tàbí á parí sórí àga ìpàdé.

Dagenham gan-an ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ náà, ọkọ̀ Ford ló máa wá sí i lọ́kàn. Ní 1931 ni Ford bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, títí di 2002 tí wọ́n ṣíwọ́ títo ọkọ̀ pọ̀, tó wá ku ẹ́ńjìnnì nìkan. Ṣùgbọ́n kí Ford tó dé, oko ló wà níbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ Barking àti Dagenham ló ń gbin ọ̀dùnkún àti ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń kó lọ tà fún àwọn ará London. Nígbà tó di 1921, ìjọba London bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ilé Becontree sórí àwọn oko wọ̀nyẹn. Nígbà tí wọ́n fi máa parí rẹ̀ ní 1935, ilé tó lé ní 25,000 ti dúró níbi tí ẹ̀fọ́ ń hù tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi ọgbà kékeré sí ẹ̀yìn ilé, wọ́n pa á láṣẹ fún ayálégbé pé kó tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì ń fún ẹni tí ọgbà rẹ̀ bá dára jù ní ẹ̀bùn. Bí oko ìlú kan ṣe di ọgbà ẹ̀yìnkùlé nìyẹn.

Nínú ìkànìyàn 2021, àwọn tó ń gbé Barking àti Dagenham jẹ́ nǹkan bíi 218,900, àwọn aláwọ̀ dúdú sì lé díẹ̀ ní 21% nínú wọn. Ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú wọn. Ẹ dé ọjà East Street ní Barking, tàbí kí ẹ rìn gba Ripple Road, ẹ ó rí iṣu, èlùbọ́, ẹ̀wà olóyin, ata rodo, àti ewédú tó ti wọ bàálù ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹbí wa tó wà nílé lọ. Oníbàárà á ní, "Ẹ̀yin màmá, ewédú yìí mà ti rọ." Ìyá olówò á ní, "Ìyàwó mi, àárọ̀ yìí ló dé, tútù ibí ló mú un." Àwọn tó ní pápá allotment, ilẹ̀ pẹlẹbẹ tí òfin 1908 ní kí ìjọba ìbílẹ̀ máa pèsè fún aráàlú, ń gbin tẹ̀tẹ̀ tiwọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn òyìnbó, wọ́n sì ń fi àgọ́ ọ̀rá bo ata kí òtútù má bàa pa á. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Ẹnu ń fẹ́ ẹ̀fọ́, ilẹ̀ sì wà lọ́wọ́, ìyẹn tó wọn.

Oko tí mo fẹ́ ká wò dáadáa wà ní Dagenham kan náà. Ní 2012, ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Growing Communities gba ibi tí ìjọba ìbílẹ̀ ti máa ń tọ́jú irúgbìn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní Central Park Nursery, tí wọ́n ti pa tì, wọ́n sọ ọ́ di oko ẹ̀fọ́. Ilẹ̀ náà kò ju nǹkan bí éékà méjì lọ. Wọn kì í lo oògùn apakòkòrò tàbí fàtíláísà níbẹ̀. Ajílẹ̀ ni wọ́n fi ń bọ́ ilẹ̀. Alice Holden, tó kọ ìwé *Do Grow*, ló ṣe olórí àwọn olùgbìn níbẹ̀ nígbà tí oko náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tó fi ara wọn sílẹ̀ fún iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbin ewé sàláádì, bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ohun tí wọ́n ń gbìn sórí ebè kan láti ọdún dé ọdún, àti bí wọ́n ṣe ń já a kó má bàa rọ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́.

Gbogbo ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe pàtàkì jù kò sí nínú oko. Ní 1996 ni Julie Brown dá Growing Communities sílẹ̀ ní Hackney. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi ṣáájú oko Dagenham. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n kó àwọn ẹbí jọ tí wọ́n ń san owó ṣáájú fún àpò ẹ̀fọ́ kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹgbẹ́ náà mọ iye àpò tó máa jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kí àgbẹ̀ tó da irúgbìn sílẹ̀. Nígbà tí oko Dagenham wá dé, ẹni tí yóò ra ẹ̀fọ́ rẹ̀ ti wà nílé, ó ti sanwó, ó ń dúró. Ọjà ló bí oko, oko ló wá bí ilé ẹ̀kọ́.

Ẹ yí ìtò yẹn padà, ẹ ti rí ọ̀pọ̀ nínú ètò ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ tí a ti ṣe nílé. A kọ́ gbọ̀ngàn, a pe olùkọ́, a fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé-ẹ̀rí, a ya fọ́tò, lẹ́yìn náà la wá ń wá ibi tí wọ́n á ti rí ilẹ̀ àti ẹni tó máa ra nǹkan wọn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ìbàdàn. Láti bí 1899 ni Moor Plantation ti wà, wọ́n sì dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1921. Ọ̀gá àgbà iṣẹ́ àgbẹ̀ Nàìjíríà nígbà náà, Faulkner, rí i pé oko àṣíkiri máa ń gba ilẹ̀: àgbẹ̀ á dá oko bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, ilẹ̀ á ṣá, á fi í sílẹ̀ kó sinmi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ní kò pọn dandan kí ilẹ̀ sinmi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó lò ni mucuna, ìbátan wèrèpè tí kì í yún ni lára. Láàárín 1925 sí 1933, wọ́n gbìn ín ní Ìbàdàn, wọ́n ro ó mọ́lẹ̀, wọ́n fi àgbàdo lé e, wọ́n sì fi hàn pé èso ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀ bí a bá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni. Ìwádìí náà kò ní àléébù. Àwọn àgbẹ̀ wò ó, wọ́n gbé ọkọ́ wọn, wọ́n lọ sí oko wọn, wọn ò gbin mucuna.

Àwọn òyìnbó kan sọ ọ́ di pé àgbẹ̀ dúdú kì í fẹ́ kọ́ ohun tuntun. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, ilẹ̀ ṣì pọ̀ yí Ìbàdàn ká. Ẹni tó ní igbó láti ṣí, kí ló máa fi iṣẹ́ ara rẹ̀ tọ́ koríko tí kò ṣeé jẹ, tí kò ṣeé tà, sórí ilẹ̀ tó lè fi sílẹ̀ lásán kó sinmi fúnra rẹ̀? Ìṣirò àgbẹ̀ péye ju ti ọ̀gá lọ.

Ní bí ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ní ẹkùn Mono ní gúúsù Benin, mucuna kan náà padà wá. Ètò ìwádìí ìjọba Benin kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àgbẹ̀ díẹ̀ ní 1987. Ilẹ̀ ti fún níbẹ̀, èèyàn ti pọ̀, kò sẹ́ni tó lè fi ilẹ̀ sílẹ̀ kó sinmi pẹ́ mọ́. Èyí tó burú jù ni ẹ̀kan, koríko tí ìdí rẹ̀ ń wọlẹ̀, tí àdá kò ní agbára lórí rẹ̀. Bí o bá ro ó lónìí, á tún yọrí kí oṣù tó pé. Àwọn àgbẹ̀ Mono rí i pé bí wọ́n bá gbin mucuna sáàárín àgbàdo nígbà tí àgbàdo ti tó oṣù kan àbọ̀, á dúró kí wọ́n kó àgbàdo, lẹ́yìn náà á rákò bo gbogbo ilẹ̀, á fún ẹ̀kan lọ́rùn nínú òkùnkùn tó dá sílẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, mucuna á gbẹ, ewé rẹ̀ á tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní tó nípọn. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, àgbẹ̀ á fi ọ̀bẹ tàbí igi la ẹní ewé náà, á sọ hóró àgbàdo sínú ihò, á lọ. Kò ní ro oko lẹ́ẹ̀mejì. Ilẹ̀ sì sanra sí i, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló jẹ́ kí wọ́n gbìn ín. Ẹ̀yìn àgbẹ̀ tí kò dùn ún mọ́ nínú ríro ẹ̀kan ló jẹ́ kí wọ́n gbìn ín.

Nígbà tó fi di àárín àwọn ọdún 1990, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbẹ̀ ló ti ń gbìn ín, ẹgbẹ́ Sasakawa Global 2000 náà gbé e lárugẹ, wọ́n sì ń ra irúgbìn rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ láti pín fún àwọn míì. Ẹ wo ibi tó ń lọ. Nígbà tí wọn ò ra irúgbìn mọ́, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi mucuna sílẹ̀, àyàfi àwọn tí ẹ̀kan ń dà láàmú. Èyí tí wọ́n gbìn nítorí owó bá owó lọ. Èyí tí wọ́n gbìn nítorí ìṣòro tó wà lóko wọn ló kù. Bí mo bá ní ẹjọ́ kan ṣoṣo láti fi ro ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ yìí, èyí ni mo máa mú.

Ẹ̀kọ́ tó tàn jù lọ nínú ìtàn iṣẹ́ àgbẹ̀ Yorùbá, kò sí olùkọ́ kankan níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, J. K. Coker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbin kòkó ní Àgége. Ní 1907 wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn olóko Àgége sílẹ̀. Àwọn lébìrà ń ti inú ìlú lóríṣiríṣi wá ṣiṣẹ́ fún wọn, láti Ìjẹ̀bú, Òǹdó, Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà. Wọ́n ń tọ́ irúgbìn, wọ́n ń pa èso, wọ́n ń bò ó kó kan, wọ́n ń sá a. Nígbà tí wọ́n bá ń padà lọ sílé, wọ́n máa ń di hóró kòkó sínú ẹrù. African Church, tí Coker jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbà rẹ̀, ń gbé ìhìnrere lọ, ó sì ń gbé kòkó lọ pẹ̀lú rẹ̀. Kí ìjọba tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Òǹdó ti di ilé kòkó. Oko Coker ni ilé ẹ̀kọ́, owó iṣẹ́ ni owó ìrànlọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ìlú tó ń ra kòkó ní òkè òkun ni ọjà. Àwọn ọmọ náà sì ní ilẹ̀ bàbá tí wọ́n máa padà gbìn ín sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Dagenham, tí wọ́n ń fi ọwọ́ iṣẹ́ kọ́ iṣẹ́, ń tọ ọ̀nà kan náà, àfi pé wọn ò ní ilẹ̀ bàbá.

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbìyànjú láti fi ètò ṣe ohun tí Àgége ṣe láìsí ètò. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1955, àwọn ọmọ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń wá iṣẹ́ lọ sí Ìbàdàn àti Èkó. Akin Deko, tó jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn, lọ wo àwọn abúlé oníṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ísírẹ́lì, ó sì mú irú rẹ̀ wá. Láti 1959 àti 1960 ni àwọn àgọ́ àgbẹ̀ ti dìde ní Ìlọrà, Akùfọ̀, Ìjàyè, Ẹ̀sà-Òkè, Ọ̀rìn-Èkìtì àti àwọn ìlú míì. Wọ́n kọ́ ilé fún àwọn ọ̀dọ́ náà, wọ́n fún wọn ní ìṣírí, wọ́n fún wọn ní irinṣẹ́. Owó tó wọlé sórí ẹnì kan ṣoṣo tóbi débi pé wọn ò lè ṣe é fún gbogbo àwọn tó nílò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó lọ síbẹ̀ kò dúró. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà: ìwé kíkà ni bàbá wọn rán wọn lọ kí wọ́n lè sá fún ọkọ́, ìjọba wá ní kí wọ́n padà sí ìdí ọkọ́. Ní àkókò kan náà, ìjọba ń fi ilé-iṣẹ́ tó ń ra kòkó yọ owó lára irè àgbẹ̀ àtijọ́ láti fi kọ́ àwọn ibòmíràn. Nígbà tó di 1968 àti 1969, Àgbẹ̀kọ̀yà, àwọn àgbẹ̀ tó dìde lòdì sí ìjọba, fi hàn ní Akanran àti ní Ìbàdàn bí ọkàn àgbẹ̀ ti rí lórí ìyẹn. Tafa Adeoye, aṣáájú wọn, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sọ pé kí wọ́n wá kọ́ wọn níṣẹ́.

Ti Báńkì Àgbáyé kò gbọdọ̀ gba àkókò wa. Ní ìwọ̀n 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ADP ní apá Òkè Ọya, ó dé Ṣakí ní 1982, lẹ́yìn náà gbogbo ìpínlẹ̀. Ọ̀nà ìkọ́ni tí wọ́n lò ni ti Daniel Benor ará Ísírẹ́lì: òṣìṣẹ́ àgíríìkì á máa wá sí abúlé lọ́sẹ̀ méjì méjì, á kọ́ àgbẹ̀ kan, àgbẹ̀ náà á kọ́ àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ bí owó epo ọkọ̀ alùpùpù bá wà. Nígbà tí owó Báńkì Àgbáyé tán ní àárín àwọn ọdún 1990, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ jókòó sí ọ́fíìsì. Títí di òní, òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń wà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wa.

Ti IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti àgbáyé tó wà ní Ìbàdàn, ló kọ́ mi ní ohun tó pọ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni B. T. Kang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn ti ń gbin igi Leucaena àti Gliricidia, èyí tí àwọn kan ń pè ní àgúnmániyè, ní ìlà ìlà, wọ́n sì ń gbin àgbàdo sáàárín. Igi náà ń mú ilẹ̀ sanra, wọ́n ń gé ẹ̀ka rẹ̀ fi bo ilẹ̀. Ó lẹ́wà lójú, gbogbo àgbáyé wá wò ó. Àwọn àgbẹ̀ tí kì í ṣe onílẹ̀ kò tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ń san ìṣákọ́lẹ̀ mọ̀ pé bí òun bá gbin igi sórí ilẹ̀ onílẹ̀, onílẹ̀ á rò pé ó fẹ́ gba ilẹ̀ náà, nítorí ohun tí igi ń sọ láàárín wa nìyẹn. Bó bá sì jẹ́ onílẹ̀ ló gbìn ín, gígé ẹ̀ka náà bọ́ sí àkókò tí iṣẹ́ oko pọ̀ jù. Ìwé tí wọ́n kọ lórí rẹ̀ kún yàrá. Igi rẹ̀ kò kún oko ẹnikẹ́ni. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi gbogbo ilẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà lórí ìwé, ṣùgbọ́n ní abúlé, ẹni tí bàbá ẹ ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún náà ni ìwọ náà ń san án fún.

Lórí ọ̀rọ̀ IITA yìí kan náà, ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan díẹ̀. Láti 1973 ni kòkòrò funfun kan tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ ti wọ Áfíríkà láti Amẹ́ríkà Gúúsù, ó ń pa oko run láti Congo títí dé ọ̀dọ̀ wa. Hans Herren àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí agbọ́n kékeré kan ní Paraguay tí ń pa kòkòrò náà. Ní 1981 wọ́n tú u sílẹ̀ ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Ó fò, ó bí, ó tàn dé ìlú tí ẹnikẹ́ni kò gbé e dé. Wọn ò kọ́ àgbẹ̀ kankan. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, wọ́n kàn rí i pé ẹ̀gẹ́ ti padà bọ̀ sípò. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti ṣe fún iṣẹ́ àgbẹ̀ tí kì í ba ilẹ̀ jẹ́ ní ilẹ̀ wa, n kò mọ èyí tó ju ìyẹn lọ, bẹ́ẹ̀ kò sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan nínú rẹ̀.

Àwọn tó gbà pé àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ rí ọ̀nà míì ní 1989, ní Indonesia, níbi tí oògùn apakòkòrò ti ń ba oko ìrẹsì jẹ́. Wọ́n pe ọ̀nà náà ní ilé ẹ̀kọ́ orí pápá. Àgbẹ̀ márùndínlọ́gbọ̀n tàbí tó bẹ́ẹ̀ á máa pàdé lẹ́bàá oko kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ìrẹsì á fi tó kó, wọ́n á ka kòkòrò tó wà lórí ewé, wọ́n á ya èyí tí ń jẹ ìrẹsì sọ́tọ̀ sí èyí tí ń jẹ kòkòrò, wọ́n á jíròrò kí wọ́n tó fọn oògùn. Olùkọ́ kì í sọ̀rọ̀ jù. Ní Òǹdó, ètò igi kòkó ti IITA lo ọ̀nà yìí láti kọ́ àwọn olóko kòkó bí wọ́n ṣe ń gé ẹ̀ka tó pọ̀jù, bí wọ́n ṣe ń já èso tí àrùn ti sọ di dúdú kúrò lórí igi kó má bàa ran àwọn yòókù, kí wọ́n lè dín oògùn tí wọ́n ń fọn kù.

Nígbà tí olùwádìí kan, Waddington, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó gbogbo ìwádìí tó wà lórí ilé ẹ̀kọ́ orí pápá jọ ní 2014, wọ́n rí i pé irè oko àwọn tó lọ fi nǹkan bíi 13% pọ̀ sí i, èrè wọn fi nǹkan bíi 19% lọ sókè. Ìyẹn kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò tí kò lọ kò rí nǹkan kọ́ lára àwọn tó lọ, nígbà tí ìjọba sì gbìyànjú láti ṣe é fún gbogbo orílẹ̀-èdè, agbára rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ìyẹn já ìrètí Benor, pé àgbẹ̀ kan á kọ́ ẹlòmíì lọ́fẹ̀ẹ́, sí òtúbántẹ́. Kòkó Àgége tàn, kíkà kòkòrò lórí ewé kò tàn. Ohun tí ojú lè rí, tí owó rẹ̀ sì ṣe kedere, ni aládùúgbò máa ń jí kọ́.

Èmi fẹ́ràn Songhai, ibùdó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ kan ní Àjàṣẹ́, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Porto-Novo. Fadá Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà, tó ti ṣe olùkọ́ ní yunifásítì ní California, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1985 lórí hẹ́kítà kan tí ìjọba Benin fún un. Níbẹ̀, ìgbẹ́ adìyẹ ń lọ sí ibi tí wọ́n ti ń bí ìdin eṣinṣin, ìdin ń lọ sí ẹnu ẹja, omi ẹja ń lọ sí oko ẹ̀fọ́, ìgbẹ́ àti koríko odò ń lọ sínú àgbá tí ń mú gáàsì jáde fún ìdáná. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ibẹ̀ ju ọdún kan lọ, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ibùdó rẹ̀. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ó ní ilé oúnjẹ, ó ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń ṣe omi èso, ó ń tà á. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ń rí ibi tí nǹkan ti ń di owó lójoojúmọ́. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn ìjọba Nàìjíríà kan gbé irú rẹ̀ wá sí ìpínlẹ̀ wọn, ọgbọ́n ilé àti ẹ̀rọ ni wọ́n gbé wá. Ọgbọ́n ọjà kò bá wọn wá.

Ọdún 2024 fi ohun kan hàn wá tó yẹ kó pa ẹjọ́ wa dà. Iye kòkó lórí ọjà àgbáyé ju dọ́là 12,000 lọ fún tọ́ọ̀nù kan ní Oṣù Kejìlá ọdún náà. Ní Ghana àti Côte d'Ivoire, ìjọba ló ń dá iye tí àgbẹ̀ á gbà, ṣùgbọ́n láti 1986 tí wọ́n ti pa ilé-iṣẹ́ tó ń ra kòkó rẹ́ ní Nàìjíríà, iye ọjà ni àgbẹ̀ wa ń gbà, àfi ohun tí alájàpá bá yọ. Láìsí ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan, àwọn ọ̀dọ́ padà sí oko bàbá wọn ní Òǹdó àti Ọ̀ṣun, wọ́n ń wá irúgbìn CRIN, ilé ìwádìí kòkó Nàìjíríà, kiri. Igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn náà san nínú ẹ̀: àwọn tó ń wá ilẹ̀ kòkó ń gé e wọlé. Owó dára fún àgbẹ̀, ṣùgbọ́n owó kì í bi igbó léèrè. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù tó jáde ní 2023 ní kí wọ́n fi àmì ibi tí oko wà hàn kí kòkó rẹ̀ tó lè wọlé, kí wọ́n lè mọ̀ pé wọn ò gé igbó fún un. Wọ́n ti sún ìgbà tó máa bẹ̀rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àgbẹ̀ tí kò ní ìwé kankan lórí ilẹ̀ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ fara gbá a.

Àwọn obìnrin ni wọ́n sábà ń gbàgbé. Nínú ẹ̀kọ́ àtijọ́, ọkùnrin ni wọ́n ń kọ́ ní oko, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ló ń bó ẹ̀gẹ́, ló ń rin ín, ló ń yan gàrí, ló sì ń mọ iye tó ń lọ lọ́jà. ADP dá ẹ̀ka tó wà fún àwọn obìnrin sílẹ̀ ní nǹkan bí 1990. Ó pẹ́. Ẹni tó mọ iye ọjà ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Dagenham.   Ìṣòro àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ oko ní Central Park ni pé ẹni tó bá parí ẹ̀kọ́ kò ní rí ilẹ̀ rà ní London, owó iṣẹ́ oko kò sì tó san ilé. Ibi tí wọ́n ń gbìn kì í ṣe tiwọn, ti ìjọba ìbílẹ̀ ni. Ní Oṣù Kẹta 2025, ìjọba Ìlú Ọba dédé ti ìlẹ̀kùn ètò tó ń san owó fún àwọn àgbẹ̀ tó bá ń tọ́jú ilẹ̀, wọ́n ní owó rẹ̀ ti tán. Àwọn àgbẹ̀ òyìnbó bínú, wọ́n ní wọ́n ti gbin koríko ìbolẹ̀ tán. Ìtàn mucuna ni, ní èdè òyìnbó.

Fún àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó wà ní Barking, tó ń dá owó jọ fún ilé: kí wọ́n má kọ́ gbọ̀ngàn ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ní ilẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ náà máa dáko lórí rẹ̀, kí wọ́n sì san owó lọ́yà láti kọ ìwé láàárín ẹbí onílẹ̀ àti ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, bí ọdún mẹ́wàá, kó lè gbin igi. Kí wọ́n wá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn obìnrin tó ti ń ta gàrí, kí wọ́n bi wọ́n ní iye àpò tí wọ́n lè rà lóṣù, ní iye wo. Kí wọ́n ra ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, kí wọ́n tún afárá kan ṣe kí ọkọ̀ lè dé oko nígbà òjò. Bí ó bá ṣẹ́ kù, kí wọ́n pe olùkọ́, lẹ́bàá oko, fún àwọn tó ti wà níbẹ̀. Owó tí wọ́n máa ná lórí ìwé ilẹ̀ náà kò tó owó gbọ̀ngàn àti jọ̀lọ́ọ̀fù tí wọ́n máa fi ṣe ìkówójọ fún un.